Ọ̀pá Abẹ́ Awọ

"Ẹ kú ìfaradà," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ọ̀pá yín kò ní ṣeé ṣí lónìí."

Ṣíjúadé kò tíì fa apá rẹ̀ yọ nínú ihò ara ògiri. Ó rò pé etí òun ló ń dún. Ẹ̀rọ yìí kò kí i bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń wá sí Ilé Ìfètòsọ́mọbíbí ti Òkè-Afárá. "Ẹ kú àárọ̀" ló máa ń wí, tàbí "Ẹ kú ewu ojú omi." Àwọn tó ṣe é kọ́ ọ ní gbogbo ìkíni tí Yorùbá ní, wọ́n sì fún un ní ohùn ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa, débi pé ẹni tó bá di ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Kò ní orúnkún, kò sì ní ìtìjú.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú ìfaradà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yín ti jí. Òfin kò gbà kí á ṣí ọ̀pá ẹni tí kòkòrò rẹ̀ bá jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè ráyè."

Ó fa apá náà yọ, ó yí i síta. Lábẹ́ awọ, lókè ìgúnpá, níbi tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà dùbúlẹ̀ sí, iná kékeré kan máa ń tàn. Yẹ́lò ló ti ń tàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ki ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ lára. Òní ló yẹ kó di àwọ̀ ewé. Pupa ló dà.

Gbogbo ẹni tó bá ní kòkòrò apa-sójà-ara ní Òkè-Afárá, tó sì lè lóyún tàbí kó fún obìnrin lóyún, ló ń gbé irú ọ̀pá yìí kiri, àtọkùnrin àtobìnrin. Ọ̀PÁ KAN, IṢẸ́ MÉJÌ ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri níbẹ̀. Iṣẹ́ kìíní ni oògùn tó ń mú kòkòrò sùn. Iṣẹ́ kejì ni títì: ó ń ti ilé ọmọ obìnrin, ó ń ti àtọ̀ ọkùnrin. O kò lè mú ọ̀kan kí o fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ ọ́ nítorí ọmọ, oògùn bá a lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò tó bá ti sùn kì í ran ọkọ, kì í ran ìyàwó, kì í ran ọmọ inú. Àwọn ọmọ jéléósinmi ń fi kọrin. Òfin nìkan ni kò lọ iléèwé.

Ẹni tó bá fẹ́ bímọ á tọrọ ṣíṣí, á dúró, á máa lọ á máa bọ̀, ẹ̀rọ á máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí ọkàn ìjọba á fi balẹ̀. Adélàjà ọkọ rẹ̀ ti gba tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iná apá rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn ló sì ń wọ̀ nínú ooru kí ojú ará ilé má baà tó o. Ṣíjúadé fúnra rẹ̀ kọrin nínú balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, orin tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde mọ́ láti ìgbà ìyàwó. Òun ló wá dúró sára ògiri yìí, tí ẹ̀rọ ń kí i kú ìfaradà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Ẹniafẹ́ jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí igun. Obìnrin yìí ló ki ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ lára nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge.

"Ṣíjú, kí lò ń mu?"

"Omi."

"Mi ò bá ọ ṣeré. Mo ti yẹ ọ̀pá rẹ wò. Oògùn ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ kó tó débi tó ń lọ. Ewé ni? Àbí èèpo igi?"

Ṣíjúadé wolẹ̀.

"Àgbo ni," ni nọ́ọ̀sì náà dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ta ló ń sè é?"

"Ìyá ọkọ mi."

"O ò rántí pé a sọ fún yín pé àgbo kì í bá ọ̀pá gbé?"

"Mo rántí, Ántí."

"O rántí, o wá ń mu ún."

"Kí ni kí n ti ṣe?" Ohùn rẹ̀ ga, àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò ó, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Wọ́n ní àgbo yẹn ló máa jẹ́ kí n lóyún. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n á bù ú wá, wọ́n á dúró tì mí títí n ó fi fi ìsàlẹ̀ ife hàn wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀pá wà lára mi. Tí mo bá ní mi ò mu, kí ni kí n sọ pé ó fà á? Pé mi ò fẹ́ bímọ fún ọmọ wọn? Ìyàwó wo lẹ rí tó kọ àgbo ìyá ọkọ? Bí wọ́n bá yíjú, mo máa ń dà á sódò láàárín pákó, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà yíjú. Mo rò pé ìwọ̀nba tí mò ń gbé mì yẹn ò lè ṣe nǹkan kan."

Ẹniafẹ́ mi orí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. "Ohun tí wọ́n sè kí o lè lóyún ló wá ti ilẹ̀kùn oyún mọ́ ọ. Ó dáa, gbọ́ mi. Bí o bá ti jáwọ́ nínú àgbo yẹn, kòkòrò á padà sùn, ẹ̀mí rẹ ò sí nínú ewu. Ti ọmọ ni mò ń sọ. Lọ́la ni wọ́n máa sọ ọ́ di aláìgbọràn. Ọ̀pá aláìgbọràn, wọn kì í ṣí i mọ́ títí nǹkan oṣù á fi dúró lára rẹ̀."

"Títí ayé nìyẹn."

"Títí ayé ni. Àfi bí ẹni tó se àgbo bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ẹ̀rọ pé òun ló sè é, pé kì í ṣe ìwọ lo ń wá ọ̀nà láti ba oògùn jẹ́. Àgbà ẹbí ọkọ náà sì ni òfin ń bèèrè, tó máa sọ pé ẹbí gba ọmọ náà. Ìyá ọkọ rẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ohun kan ló kù: òfin ní àgbà náà kò gbọdọ̀ ní kòkòrò lára."

"Ṣé wọ́n máa ń yẹ wọ́n wò ni?"

"Àwọn àgbà? Rárá o. Wọ́n á kàn bi wọ́n ni. Ẹnu àgbà tó." Ó fi àgbọ̀n júwe ara ògiri, níbi tí ìjọba ti kọ òwe kan síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà wúrà: ÀGBÀ KÌ Í WÀ LỌ́JÀ KÍ ORÍ ỌMỌ TUNTUN WỌ́. "Àṣà wa ni, ni wọ́n wí. Lọ mú wọn wá kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú."

Láti ibẹ̀ dé ilé, afárá ni gbogbo ọ̀nà. Omi ti gba ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣe oko, ìlú wá gun orí òpó. Ṣíjúadé ń rìn, pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn ń kí i, kò dáhùn. "Ìyàwó Ìyá Afárá, ṣé kò sí?" Ó wà o, ó kún ọwọ́. Inú ń bí i sí òfin, inú ń bí i sí ẹ̀rọ tó ń kíni bí ọmọ gidi, ṣùgbọ́n ibi tí inú ti ń bí i jù ni ilé tó ń lọ yìí. Gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀, òun ni àgàn. Òun ni wọ́n ń ṣàánú níbi ìkómọjáde. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á gbé ọmọ wọn fún un pọ̀n, wọ́n á ní kó lè pe tirẹ̀ wá. Adélàjà á wà níbẹ̀, á máa gbọ́, á máa fọwọ́ ra orí. Orí ìlà Ilé Ìfètòsọ́mọbíbí gan-an ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ó mọ tirẹ̀, òun náà mọ ti Adélàjà, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi iná apá wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ni Adélàjà bẹ̀ ẹ́ pé, "Má jẹ́ kí Màmá mọ̀ láé. Ó máa pa wọ́n ni." Ìfẹ́ ló fi gbà fún un. Ẹ wo ibi tí ìfẹ́ gbé e dé.

Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó ti ààrò oòrùn. Àyìnkẹ́ ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ń pè é ní Ìyá Afárá, nítorí òun ló ń parí ìjà àwọn tó ń gbé lórí omi, ẹni tó bá sì jẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tún ẹjọ́ gbé lọ síbòmíràn. Ìkòkò àgbo ń hó níwájú rẹ̀, òórùn kíkorò rẹ̀ ti gba gbogbo ilé. Adélàjà náà ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń tún okùn afárá lọ́. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ìròyìn ayọ̀. Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà sá.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀," ni Màmá wí. "Ó ti jinná. Gbé ife wá."

"Màmá, mi ò mu àgbo mọ́."

"O ò ṣe kí ni?"

"Mi ò mu ún mọ́."

Adélàjà ti dìde. "Ṣíjú, jọ̀ọ́, jẹ́ ká wọlé ká sọ̀rọ̀."

"Jókòó." Ó tú bọ́tìnnì ọwọ́ búláòsì rẹ̀, ó ká a sókè, ó na apá síwájú Màmá. "Ẹ wò ó. Ọ̀pá nìyí. Mo ní kòkòrò apa-sójà-ara, Màmá. Ó ti wà lára mi kí n tó mọ ọmọ yín. Oògùn mú un sùn, wọ́n sì fẹ́ ṣí mi lónìí kí n lè bímọ. Àgbo yín ló jí i."

Ó ti múra sílẹ̀ de igbe. Ó ti múra sílẹ̀ de ọwọ́ lórí, de "Yéè, wọ́n ti pa mí lọ́mọ." Màmá kò ké. Ó na ọwọ́, ó pa ààrò náà, ó wá jókòó padà bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú agolo pẹlẹbẹ kan jáde, ó ṣí i. Oògùn oníhóró funfun ló wà níbẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Tèmi ni," ni Màmá wí. "Ẹni tó ti kọjá ọmọ bíbí, wọn kì í fún un lọ́pá. Oníhóró là ń lò."

Ṣíjúadé wo agolo náà. Ó wo Adélàjà. Adélàjà ń wo okùn ọwọ́ rẹ̀ bíi pé okùn náà ló ń sọ̀rọ̀.

"Làjà, o mọ̀?"

Ó ń fi ọwọ́ ká okùn náà.

"Mo ní ṣé o mọ̀!"

"Inú wọn ni mo ti gbé e wá sáyé," ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ní kí ìwọ náà má sọ fún wọn. Mo rò pé mò ń bo ẹ̀yin méjèèjì láṣìírí ni."

Ìbínú ti wà lára Ṣíjúadé láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dé wàyí yàtọ̀. Kò gbóná. Ó tutù, ó sì jẹ́ kó ríran kedere. Ó yíjú sí Màmá.

"Ẹ mọ̀ pé ọ̀pá wà lápá ọmọ yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé títì ni wọ́n tì í."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé bí mo tilẹ̀ mu àgbo tó kún odò, mi ò lè lóyún fún ọkùnrin tí wọ́n tì pa. Ẹ wá ń sè é fún mi."

Màmá dé agolo rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n. "Mo rò pé ara rẹ dá ni, ọmọ mi. Mo rò pé o ò mọ nǹkan kan. Àgbo kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan. Tí ayé bá ń rí i pé mò ń se àgbo fún ìyàwó, wọn ò ní rántí bèèrè pé ọkọ ńkọ́."

Ó sọ ọ́ tán.

Ṣíjúadé fi etí ìró rẹ̀ gbá ìkòkò náà mú, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ afárá, ó da gbogbo rẹ̀ sódò, tewé tomi. Ó ju ìkòkò náà tẹ̀lé e. Kò tún tì í lójú mọ́ pé àwọn ará ilé kejì ń yọjú lójú fèrèsé.

"Àgàn!" ló wí. "Èmi ni wọ́n ń pè ní àgàn ládùúgbò yìí. Aago márùn-ún ìdájí lẹ máa ń jí mi láti mu ún. Mo ti bì, mo ti yàgbẹ́ omi, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lórí ìkúnlẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀, Màmá! Ẹ sì mọ̀ pé omi lásán lẹ ń fún mi. Inú mi lẹ fi bo apá ọmọ yín. Ìwọ náà, Làjà, o jókòó, ò ń wò mí bí mo ṣe ń mu ún. Àṣírí wo lo bò? Ta lo bò? Èmi nìkan ni mo wà ní ìhòòhò nínú ilé yìí."

"Má bínú," ni Adélàjà wí.

"Mà á bínú. Mà á bínú tó bó ṣe wù mí. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irọ́ bò mí lára mọ́. Irọ́ tó gẹ́ẹ́."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún wọn, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sọ òkúta sílẹ̀. Màmá gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tó dé ibi tí òfin ti ní àgbà náà kò gbọdọ̀ ní kòkòrò lára, ìyá arúgbó náà gbójú sókè.

"Wọn ò ní yẹ̀ mí wò?"

"Wọn ò ní yẹ̀ yín wò."

"Nígbà náà, ó ti parí. N ó sọ pé ara mi dá. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí Làjà ti wà lẹ́yìn mi, ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo ní irọ́ tó. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ìyàwó mi. Ká pa á lọ́la, ká fọwọ́ nù."

Ṣíjúadé mọ̀ pé ó yẹ kí òun rí nǹkan wí sí i. Ọmọ ló ń rò. Kò wí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dé. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, iná apá wọn ń tàn yẹ́lò, yẹ́lò. Màmá wọ bùbá funfun ọlọ́wọ́ gígùn. Bó ṣe ń kọjá ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń kúnlẹ̀. "Ìyá Afárá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Adélàjà kò bá wọn dé iwájú. Ó dúró lẹ́bàá ìlà, bí ẹni tó wá wo ẹlòmíràn.

Ọ̀gá kékeré kan tó ń jẹ́ Fámúyìwá ló jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lókè orí rẹ̀. Ó rí Màmá, ó dìde, ó tẹrí ba. Màmá ló parí ìjà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn alájọgbé wọn nígbà kan.

"Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú ìkàlẹ̀," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ta ló se àgbo fún ìyàwó yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pá wà lára rẹ̀?"

"N kò mọ̀. Ó fi pamọ́ fún mi ni. Àna ló sọ fún mi, mo sì ti jáwọ́."

"Ẹ ṣeun, àgbà wa. Ṣé ẹbí gba ọmọ tó ń bọ̀?"

"A gbà á tọwọ́tẹsẹ̀."

Ìbéèrè kan ló kù. Fámúyìwá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ láti bèèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fẹ́ ṣe Ìyá Afárá lálejò.

"Màmá, ti pé ara yín dá, ẹnu lásán la fi ń bèèrè o, ẹ má bínú. Ta ni kò mọ̀ yín? Irú ẹ̀yin tí ẹ mọ́ báyìí gan-an la nílò níbí." Ó fi ojú júwe ìlà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ náà dúró sí, tí Adélàjà dúró sí láàárín wọn. "Tí a bá fi sílẹ̀ fún àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n á kàn máa bí ara wọn kún ìlú ni."

Màmá ti la ẹnu láti sọ "ara mi dá." Ṣíjúadé rí i. Ẹnu náà dúró ní lílà. Ó yíjú, ó wo ibi tí ojú Fámúyìwá lọ.

"Èwo nínú wọn?" ló bèèrè.

"Ẹ ní?"

"Mo ní èwo nínú wọn ló ń bí ara wọn? Èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, tó ga yẹn, ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i." Ó tú ìdí ìró rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó mú agolo náà jáde, ó gbé e ka orí pátákó iwájú gíláàsì, ó dún gbọn-ìn. "Ara mi kò dá. Kòkòrò wà lára mi kí wọ́n tó bí ìwọ. Mo lóyún, mo bí, mo fún un lọ́mú, ẹnikẹ́ni kò ti ọwọ́ bọ apá mi pé òun fẹ́ ṣí mi. Afárá tí o gbà wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ọmọ yẹn ló so okùn rẹ̀."

Ṣíjúadé di pátákó náà mú. Òní kẹ̀? Gbogbo ọdún tí irọ́ fi ń jẹ òun lẹ́ran ara, Màmá pa irọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí irọ́ máa ṣe òun lóore, ọjọ́ náà ni òtítọ́ wá rí ẹnu rẹ̀ gbà jáde! Ó fẹ́ fi agolo yẹn lu nǹkan. Ó fẹ́ ké.

Fámúyìwá ti laagùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ ẹ̀rọ kó dúró ná, ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aya wa, ẹ gbọ́. Ọjọ́ ogbó ń ṣe àwọn àgbà. Ó lè jẹ́ pé Màmá ń ṣì sọ. Ẹ ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé iyè wọn ti ń ra. Ẹ̀yin ni ẹ̀rọ máa gbà gbọ́. N ó pa ohun tí wọ́n wí rẹ́, ọ̀pá yín á ṣí nísinsìnyí."

"Mo ń gbọ́," ni Màmá wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Sọ ọ́, ìyàwó mi. Mo gbà. Mo jẹ ọ́ ní gbèsè tó ju ìyẹn lọ."

"Ẹ kú ìdúró," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ṣé òtítọ́ ni ohun tí àgbà yìí sọ?"

Ó rọrùn. "Rárá" ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló lè bá a wí? Òun náà ti mu kíkorò tó. Ọmọ náà á dé, á máa sáré lórí pákó, wọ́n á sì máa sọ fún un pé orí ìyá rẹ̀ àgbà ti dà rú. Gbogbo ìlú á máa sọ ọ́. Wọn ò ní gbé ìjà wá bá Màmá mọ́, wọ́n á máa fi í rẹ́rìn-ín. Inú òun ni wọ́n fi bo apá Làjà. Ṣé orí Màmá ni òun náà á wá fi bo inú òun?

Ó bínú sí Màmá ju bó ṣe bínú sí i lánàá lọ. Ìbínú náà ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

"Òótọ́ ni," ló wí. Ó tún un sọ kíkankíkan, kí ìlà lè gbọ́. "Òótọ́ ni wọ́n sọ!"

"Ẹ ṣeun fún òtítọ́ yín. Ẹ̀rí àgbà yìí kò bófin mu. Ẹ kú ìfaradà. A ti ti ọ̀pá yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè ráyè."

Adélàjà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, iná àwọ̀ ewé náà ń tàn lójú gbogbo èèyàn. "Èmi náà," ló wí fún Fámúyìwá, "ẹ kọ tèmi mọ́ ọn. Ẹ ti èmi náà padà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," ni Ṣíjúadé wí fún un. "Dúró síbẹ̀ yẹn."

Kò yà sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó yí ẹ̀yìn sí gíláàsì náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ihò ara ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ ki apá bọ ihò yẹn, orí rẹ̀ ni yóò gbà kọjá.

"Aya wa, ẹ dìde," ni Fámúyìwá wí. "Ẹ má jẹ́ kí n pe àwọn ẹ̀ṣọ́."

"Ẹ pè wọ́n. Mi ò kúrò níbí àfi tí ẹ bá yọ oògùn kúrò lára títì. Ẹ fún mi ní oògùn lọ́tọ̀, bí ẹ ṣe ń fún ìyá ọkọ mi. Inú tèmi, èmi ni n ó mọ ìgbà tí n ó tì í àti ìgbà tí n ó ṣí i."

Ẹ̀rọ pe orúkọ ẹni tó kàn. Ọmọkùnrin kan lórí ìlà gbé ẹsẹ̀, ó wo obìnrin tó wà nílẹ̀, ó wo Ìyá Afárá, ó dá ẹsẹ̀ padà. Ẹ̀rọ tún un pè, ó kí i kú ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí ìdúró.

Màmá mú agolo rẹ̀ lórí pátákó. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó di ògiri mú, eékún rẹ̀ ń ké.

Ṣíjúadé kò gbé ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́. "Mi ò tíì dárí jì yín o, Màmá."

"Mo mọ̀," ni ìyá arúgbó náà wí. "Sún fún mi."